Àgékù ankara di pádì ọmú, bíìbù àti ọ̀já: ìtọ́sọ́nà fún ìyá tí kò ránṣọ rí

Lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí mi, bí ọmọ ṣe ké lọ́wọ́ ìyá mi ni omi ọmú ya láyà mi, ó sì yọ sára bùbá léèsì tí mo wọ̀. Ìborùn ni mo fi bo àyà títí àlejò fi tán nílé. Pádì ọmú alálòsọnù tí mo rà ti tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, ara sì ti ń yún mi láti ìgbà tí mo ti ń lò ó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá télọ̀ kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn kó àgékù ankara kún inú ọ̀rá fún mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbé ọmọ sílẹ̀ díẹ̀, wá fi èyí kọ́ṣẹ́." Nígbà yẹn, mo lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá ojú abẹ́rẹ́ kí òwú tó wọ̀ ọ́.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kọ́ yín: aṣọ èjìká tí ọmọ ń gùnfẹ̀ sí, pádì ọmú, bíìbù àti ọ̀já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán wọn bí mo ṣe tò wọ́n yìí, nítorí èyí àkọ́kọ́ ló máa kọ́ ọwọ́ yín ní ohun tí èkejì máa bèèrè. Rírán gan-an kọ́ ló le níbẹ̀. Mímọ aṣọ tó yẹ kó kan awọ ọmọ àti orí ọmú ló le.

Ohun èlò

Ẹ má tíì ra máṣíìnì. Ọwọ́ lásán lè rán mẹ́ta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀já nìkan ni mo fẹ́ kó gba ojú máṣíìnì, nítorí ọmọ ló máa gbé. Ẹ wá abẹ́rẹ́ ọwọ́, òwú tí kì í já bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì fà á, téèpù, píìnì olórí, áyọ́ọ̀nù, àti sísọ́ọ̀sì tí ẹ kò ní fi gé ohun mìíràn yàtọ̀ sí aṣọ. Bébà máa ń sọ ẹnu sísọ́ọ̀sì di kújú kíá. Bí ẹ kò bá ní ṣọ́ọ̀kì télọ̀, ọṣẹ tó ti jẹ títí tó fi di pẹlẹbẹ dára ju ṣọ́ọ̀kì lọ: ó ń fa ìlà tó tín-ín-rín, omi sì ń gbé e lọ. Ẹni tó bá ní máṣíìnì, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ni kó fi sí i. Èyí tó tín-ín-rín jù ú lọ lè ṣẹ́ sínú táwẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ píìnì ni mi ò ní fojú fò. Ìyá télọ̀ wa máa ń ka píìnì 12 sínú ọmọrí ike kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ohun ọmọdé. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tún un kà, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aṣọ náà kúrò nílẹ̀ títí yóò fi pé 12. Lọ́jọ́ kan, mọ́kànlá ló kù. A tú gbogbo pádì tí mo ti rán, ẹyọ kan náà sì wà nínú èyí tó kẹ́yìn, ó fara pamọ́ sáàárín táwẹ̀lì, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ibi tí ọmú máa wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà.

Aṣọ: kí ẹ tó fi owó sílẹ̀

Aṣọ òwú ni kó kan ara ọmọ. Ankara tó dára jẹ́ òwú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní ankara lọ́jà ni òwú wà nínú rẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí rẹ̀, ẹ gbé e sórí àwo irin níbi tí ọmọ kò sí, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú máa jó bí ìwé, ó máa rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́bẹ́ láàárín ìka. Pọlíẹ́sítà á ká jọ, á yọ́ bí ọ̀rá, bó bá sì tutù tán á di kókó dúdú líle. Ìyẹn kì í fa omi, ó sì ń mú ọmọ láàgùn.

Fún inú pádì àti bíìbù, ohun tó ń mumi lẹ ń wá. Táwẹ̀lì òwú dára. Fílánẹ́ẹ̀lì, aṣọ òwú múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun, ló dára jù fún ojú tó máa kan ọmú. Ẹ máa rí méjèèjì rà ní yáàdì-yáàdì lọ́jà Gbági n'Íbàdàn tàbí Balógun l'Ékòó. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú bàbá ọmọ tó ti gbó náà wúlò gan-an. Aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta ń mumi ju tuntun lọ. Láti mọ èyí tó ń mumi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ kán omi kan sí i lórí. Bí omi bá wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ ń wá. Bó bá dúró róbótó bí omi orí ewé kókò, ẹ fi nu tábìlì.

Mo fẹ́ràn adìrẹ Abẹ́òkúta púpọ̀, ṣùgbọ́n aró ara rẹ̀ máa ń yọ fún ìgbà pípẹ́, ọmọ ò sì gbọdọ̀ fẹnu mu aró. Ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn. Aṣọ òkè le, fọ́nrán tó ń dán lára rẹ̀ sì ń họ awọ ọmọ.

Kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ kankan, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́. Ankara pupa tuntun ni mo fi ṣe ẹ̀yìn pádì àkọ́kọ́ tí mo rán, mi ò fọ̀ ọ́. Kọ́mú funfun mi di àwọ̀ osùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wá fọ pádì náà, táwẹ̀lì inú rẹ̀ súnkì, ankara ò fi bẹ́ẹ̀ súnkì, gbogbo rẹ̀ sì ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Bí àwọ̀ aṣọ bá ṣì ń yọ lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta, tí ẹ fi àkísà funfun tútù nù ún tí àkísà náà gba àwọ̀, ẹ má lò ó fún ọmọ.

Aṣọ èjìká

Ìlà gbọọrọ mẹ́rin péré ni, ìdí nìyẹn tó fi ṣáájú. Ẹ gé ankara kan àti táwẹ̀lì kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 11 ní fífẹ̀ àti íǹṣì 21 ní gígùn. Ẹ kọ ojú ankara sí ojú táwẹ̀lì, kí òdì méjèèjì wà níta. Ẹ fi píìnì dè wọ́n. Ẹ fi ọṣẹ fa ìlà yípo, ìdajì íǹṣì sí etí, kí ẹ sì sàmì sí íǹṣì 4 lára ẹ̀gbẹ́ tó gùn: ibẹ̀ lẹ kò ní rán, ibẹ̀ laṣọ máa gbà yí padà.

Bí ọwọ́ lẹ fi ń rán an, ẹ má kàn fi abẹ́rẹ́ wọlẹ̀ kẹ́ ẹ fà á jáde lọ ní tààrà. Kí abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan kó tó lọ síwájú ní ẹsẹ̀ méjì. Irú rírán yìí ò ní tú bí òwú bá tilẹ̀ já níbì kan. Bó bá jẹ́ máṣíìnì ni, ẹ lọ, ẹ padà díẹ̀, ẹ tún lọ, níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Bí ẹ bá dé igun, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, ẹ gbé irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, ẹ yí aṣọ, ẹ dá irin padà, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọnù láìkan òwú. Ẹ ti ọwọ́ bọ àyè íǹṣì 4 yẹn, ẹ fa aṣọ síta, kí ẹ fi ìdí bírò ti igun kọ̀ọ̀kan jáde dáadáa. Ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ká etí àyè náà sínú, kí ẹ wá rán yípo gbogbo aṣọ náà lórí, bí ìdá mẹ́rin íǹṣì sí etí. Ìrán orí yìí á dí àyè náà, kò sì ní jẹ́ kí táwẹ̀lì máa yí kiri nínú. Ẹ rán mẹ́fà irú rẹ̀. Títí ẹ óò fi dé ìkẹfà, ọwọ́ yín á ti mọ ìlà.

Pádì ọmú

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ìyẹn gùn ju kí ènìyàn máa ra alálòsọnù lójoojúmọ́ lọ, òun ló sì jẹ́ kí n gbà pé kò sí ohun tí ìyá ọmọ máa rán tó lérè tó pádì yìí.

Ẹ wá sídíì kan tí kò kọrin mọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, bí ẹ bá sì rán an tán, á ku díẹ̀ lé ní íǹṣì 4, tó tó ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹni tí ọmú rẹ̀ tóbi lè lo àwo pẹrẹsẹ abẹ́ ife tíì. Fún pádì méjì, ẹ fa òbíríkítí fílánẹ́ẹ̀lì 2, ankara 2, àti síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí táwẹ̀lì 4. Kí ẹ gé àwọn 4 ti inú yìí ní ìdá mẹ́rin íǹṣì sínú ìlà yípo, kí wọ́n kéré sí àwọn yòókù. Bí wọ́n bá dọ́gba, etí pádì á nípọn, á sì hàn lábẹ́ bùbá.

Pádì pẹrẹsẹ máa ń sún kúrò lójú ọmú, nítorí ọmú kì í ṣe pẹrẹsẹ. Dáàtì kékeré kan, ìyẹn ìká tóóró tí a rán mọ́lẹ̀, ló ń fún un ní ikùn. Ẹ ká òbíríkítí ankara sí méjì, òdì síta. Létí rẹ̀, ẹ wọn ìdajì íǹṣì sí ojú ìká, ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sí àárín òbíríkítí, lórí ojú ìká. Ẹ rán an lórí ìlà náà láti etí wá sí àárín. Bí ẹ bá ṣí i, á ti dà bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Ẹ ṣe fílánẹ́ẹ̀lì bákan náà. Àwọn ti inú kò nílò kí ẹ ká wọn: ẹ gé igun tóóró tí dáàtì ì bá gbà sọnù, ẹ mú etí méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ fi ọwọ́ rán wọn pọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń tò wọ́n, kí dáàtì ọ̀kan má ṣe bọ́ sórí dáàtì èkejì.

Ẹ gbé 2 ti inú lé òdì fílánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gún wọn mọ́ ọn níbi mẹ́rin, nítòsí etí. Kókó òwú kankan kò gbọdọ̀ wà láàárín níbi tí orí ọmú máa kàn. Orí ọmú tó ti là lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ kókó òwú tí ìka ò lè mọ̀. Kí gbogbo kókó wà lódì. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ojú fílánẹ́ẹ̀lì sí ojú ankara, ẹ fi píìnì dè é, ẹ rán yípo ní ìdá mẹ́rin íǹṣì, kí ẹ fi àyè íǹṣì 2 sílẹ̀. Ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì ké etí yípo wẹ́wẹ́ láìdé ojú òwú; láìṣe bẹ́ẹ̀, òbíríkítí ò ní tẹ́. Ẹ yí i síta, ẹ ká àyè yẹn sínú, ẹ rán an dí, kí ẹ rán orí rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan.

Pádì 12 ni mo ń lò fún ọjọ́ kan àti òru rẹ̀ tí mo fi ń rí tòmíràn fọ̀. Èyí tí mo ń lò lóru ní 3 nínú dípò 2. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Ọ̀rinrin tó bá pẹ́ lórí ọmú ń là á, ó sì ń pe àrùn.

Bíìbù onígun mẹ́ta

Bíìbù olọ́rùn róbótó máa ń ni akọ́ṣẹ́ lára, nítorí náà ẹ fi onígun mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ankara íǹṣì 12 sí íǹṣì 12, ẹ gé táwẹ̀lì tàbí fílánẹ́ẹ̀lì bákan náà, kí ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun. Bíìbù méjì nìyẹn, aṣọ kankan ò sì ṣòfò. Ẹ rán wọn bí aṣọ èjìká, ojú sí ojú, àyè fún yíyí padà. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù: aṣọ tí a gé láti igun dé igun máa ń nà bí ẹ bá fà á, torí náà ẹ fi píìnì sí i súnmọ́ra, kẹ́ ẹ jẹ́ kí máṣíìnì fúnra rẹ̀ máa gbé e lọ.

Ẹ má fi okùn dè é lọ́rùn. Okùn lè há mọ́ nǹkan, kó sì fún ọmọ lọ́rùn. Velcro ni kí ẹ lò, èyí tó ń dún fàà bí ẹ bá ṣí i. Bí bíìbù bá kọ́ ohunkóhun, á ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ aṣọ, kí apá múlọ́múlọ́ kọjú sí ọrùn ọmọ, kí apá tó ń họ ara kọjú síta. Kí ìka yín méjì lè wọ àárín bíìbù àti ọrùn. Ẹ bọ́ ọ lọ́rùn ọmọ kó tó sùn.

Ọ̀já

Ẹ ra ankara tó nípọn, yáàdì 2½. Kí ẹ tó gé e, ẹ gbé ọmọ pọ̀n, kí ẹnìkan fi téèpù yí yín ká lórí ọmọ náà, kó sì fi íǹṣì 30 kún un fún kókó àti etí rẹ̀. Ìwọ̀n yín nìyẹn. Ti ìyá sísanra àti ti tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè dọ́gba. Ẹ gé e ní gígùn aṣọ, kó fẹ̀ ní íǹṣì 25, ẹ ká a sí méjì ní òró, ojú sí ojú. Ẹ gé orí méjèèjì ní dídà, kó rí ṣóńṣó díẹ̀, kókó á rọrùn láti ta. Èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ náà á di bíìbù àti ẹ̀yìn pádì.

Kò gbọdọ̀ sí àsomọ́ láàárín ọ̀já. Bí ankara ò bá gùn tó, ẹ ra tòmíràn. Ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan náà, ẹ yí i síta, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rán orí rẹ̀ yípo. Kí ẹni méjì wá di orí kọ̀ọ̀kan mú, kí wọ́n fà á pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, kí ẹ tẹ́tí sí i: bí ẹ bá gbọ́ kí òwú já, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un rán. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbà kò tíì tó pọ̀n. Bó bá wà lẹ́yìn, kí ojú àti imú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ya ká ìbàdí yín.

Ohun tí mi ò ní kọ́ yín

Wọ́n máa bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi àgékù tó kù ṣe ìrọ̀rí fún ọmọ. Ẹ má ṣe é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò ìrọ̀rí, imú rẹ̀ lè rì sínú rẹ̀ lójú oorun. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ẹ, lórí ibùsùn tó le díẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Tìmùtìmù tí wọ́n ń tò yí inú bẹ́ẹ̀dì ọmọ ká náà, òfin ọdún 2022 ti de títà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí ewu yìí kan náà. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń fi ṣe ojú bèbí aṣọ lè já bọ́ sí ọmọ lẹ́nu. Ní ti aṣọ ìbòyà tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn láti fún ọmọ lọ́mú, ìborùn tó wà nílé yín ń ṣe iṣẹ́ náà tán.

Fífọ̀ àti lílọ̀

Ẹ fi ọṣẹ lásán fọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ tó ń ta sánsán kò dára fún pádì. Ó ń fi ọ̀rá bo òwú, pádì ò sì ní mumi mọ́. Ẹ sá wọn sí oòrùn gangan.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ojú àti òdì gbogbo ohun tí ẹ sá síta, àní bí ẹ kò bá fẹ́ kó dán. Eṣinṣin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù, pàápàá níbòji. Bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá kan ara, ẹyin á pa, ìdin á wọ inú awọ, á sì wú bí eéwo. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìṣẹ́tí àti ojú ìrán pẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ló nípọn jù. Bí wọ́n bá tutù tán, ẹ fi pádì dì ní méjì-méjì sínú àpò aṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí yín, kí ọwọ́ lè rí i lóru bí wọ́n bá mú iná lọ.